Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè tà: Milton Keynes àti Kàbà

Àwọn ará ilé máa ń bi mí lórí fóònù pé, kí ló wà ní Milton Keynes, ìlú tí mo ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sí ní Kàbà, ìlú wa ní ìpínlẹ̀ Kogí? Wọ́n máa ń retí kí n dárúkọ iná tàbí omi ẹ̀rọ. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè tà ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Ọdún 1967 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya agbègbè Milton Keynes sọ́tọ̀ fún ìlú tuntun. Oko àti abúlé ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ìlú, wọ́n wo ibi tí odò Ouzel àti Great Ouse ń gbà nígbà tí wọ́n bá kún, wọ́n sì fi etí odò náà sílẹ̀ fún koríko, igi àti ọ̀nà ẹsẹ̀. Adágún Willen tí èmi àtàwọn ọmọ ń rìn yí ká ní ìrọ̀lẹ́, ṣe ni wọ́n gbẹ́ ẹ kó lè máa gba àgbàrá. Bí òjò bá rọ̀ léraléra, omi á gun ọ̀nà etí odò, àga onígi tí àwọn àgbàlagbà máa ń jókòó sí á wà láàárín omi, pẹ́pẹ́yẹ á máa lúwẹ̀ẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí omi bá fà, àwọn àgbàlagbà á padà síbẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rówó tọ́jú rẹ̀ ló wú mi lórí jù. Ní 1992, nígbà tí àjọ tí ìjọba ní kó kọ́ ìlú náà ń kógbá sílé, wọ́n dá The Parks Trust sílẹ̀, wọ́n fún un ní àwọn ọgbà ìgbafẹ́ náà fún ọdún 999, wọ́n sì fi àwọn ilé tí wọ́n ń fi háyà kún un. Owó tí àwọn ayálégbé ń san ni wọ́n fi ń gé koríko, tí wọ́n fi ń tún afárá ṣe. Kò dìgbà tí ìjọba ìbílẹ̀ bá lówó lọ́wọ́.

Kàbà náà ń fẹ̀. Ọ̀nà oníkọ̀ńkéré tó wá láti Ọbájànà ti mú kí ọkọ̀ pọ̀, yunifásítì ti dé, ilé sì ń jáde títí dé ìdí òkè. Nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, òkìtì yẹ̀pẹ̀ ni mo bá lẹ́yìn ilé ìwé tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní kékeré. Àwọn ọmọ fi búlọ́ọ̀kù méjì ṣe góòlù láàárín ìpìlẹ̀ ilé, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù sókè jù á wọ inú kòtò lọ mú un. Mo bi àbúrò mi.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gé e ní pulọ́ọ̀tì.”

Etí odò tí àwọn bàbá wa ń fi ṣe àkùrọ̀, tí wọn kì í kọ́lé sí, ilé ti wà níbẹ̀. Nígbà tó bá di oṣù Kẹsàn-án, omi á wọ yàrá.

N kò sọ pé ìlú òyìnbó dùn ju tiwa lọ. O lè jókòó ti ẹnìkan létí Willen títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó má kí ọ. Lábẹ́ igi máńgòrò ní Kàbà, àwọn bàbá ń ta ayò, “Òkun o” tí a fi ń kí ara wa kì í tán lẹ́nu èrò, ọmọ ẹnikẹ́ni tó bá sáré sọ́nà, ẹlòmíì á fà á padà. Àwọn èèyàn tó yẹ kó kún ọgbà ìgbafẹ́ ti wà nílẹ̀. Ààyè ló ń tán.

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà àti ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ìdílé ló mọ ààlà. Nítorí náà, ká kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja nìkan kò tó. Kí ìdílé tó ni ilẹ̀, ọba àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú jọ fọwọ́ sí ìwé, kí awọnlẹ̀ wọn ibẹ̀, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù díẹ̀ sí ojú títì, kí owó ṣọ́ọ̀bù máa san owó oṣù ẹni tó ń gbálẹ̀ tó sì ń ro koríko. Àwa tí a wà lókè òkun máa ń dáwó fún gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ jẹ́ kí tọdún yìí lọ sórí àkùrọ̀ kan àti pápá kan, kí àwọn tó ń ta pulọ́ọ̀tì tó débẹ̀.