Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú bọ́ńpà ná, kí ẹ tó dárúkọ owó

Ojú títì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó tó yẹ kí wọ́n gbà lórí ìjàǹbá kékeré. Ara ṣì ń gbọ̀n, àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, ẹni tó gbá yín ń bẹ̀bẹ̀ tàbí ó ń jágbe, kò sì sẹ́ni tó mọ iye tí àtúnṣe máa jẹ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa wá dúnàádúrà.

Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ti gbá tèmi, níbi tí mo ti ń dúró kí iná ojú pópó gbà wá láyè. Ọmọkùnrin tó wa ọkọ̀ tó gbá mi sáré sọ̀ kalẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ má jẹ́ ká kan àwọn ìnṣọ́ránsì rárá. Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ máa gbà, kí n san án báyìí.” Mo wo bọ́ńpà: ọ̀dà ti hó díẹ̀, ó sì là lójú kan. Búùtù ṣì ń ṣí, ó sì ń pa dé. Mo ní, “Àbúrò, mo ti gbọ́. Èmi náà ò mọ iye tó jẹ́. Jẹ́ ká ya fọ́tò, ká gba nọ́ńbà ara wa, kí mẹkáníìkì tú u wò ná.” Inú rẹ̀ ò dùn sí i, ṣùgbọ́n ó gbà.

Fọ́tò tó wúlò jù lọ lèyí tí ẹ bá yà láti òkèèrè kí ẹ tó sún ọkọ̀ kúrò, tó fi bí ọkọ̀ méjèèjì ṣe dúró sójú ọ̀nà hàn. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà ọkọ̀, ibi tó bàjẹ́, àti ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Ìwé yìí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má dà á kọ, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó máa tán. Ẹ ya àwọn ibi tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ lára ọkọ̀ tirẹ̀ náà, kó má bàa dọ̀la kó ní ẹ̀yin lẹ fà á. Tí ẹni kan bá rí i bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, ẹ pe ọlọ́pàá, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Béèrè bóyá ara onítọ̀hún le, ìwà ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, ẹ má sì ṣèlérí owó. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ìnṣọ́ránsì ló ní kí oníbàárà má ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí i.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú bọ́ńpà yẹn sílẹ̀, ó pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Ike ni bọ́ńpà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní. Tí nǹkan bá gbá a, ó lè wọlé kó tún yọ padà bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Fóòmù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́, ó ń já bọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ń fọwọ́ kàn án. Irin gbọọrọ tó dábùú ẹ̀yìn fóòmù ti tẹ̀ wọnú. Ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ńsọ̀ tó máa ń ké téèyàn bá ń fi ẹ̀yìn rìn ti sán. Ó gbé sípíà táyà kúrò, ó ní kí n fọwọ́ pa ilẹ̀ búùtù lábẹ́ rẹ̀: ó ti hunjọ. Owó ọ̀dà tí ǹ bá gbà lójú títì, bóyá ló máa tó ra sẹ́ńsọ̀ nìkan. Mo ní kó má tíì dá ohunkóhun padà títí ẹni tí ilé-iṣẹ́ máa rán wá yóò fi fojú ara rẹ̀ rí i. Tí ẹ bá tún ọkọ̀ ṣe kó tó dé, kí lẹ fẹ́ fi hàn án?

Ní ti ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní third party kì í tún ọkọ̀ ẹni tó rà á ṣe. Ọkọ̀ ẹlòmíì tó bà jẹ́ ló wà fún. Comprehensive ló ń tún ti oníǹkan ṣe, ẹni yòówù kó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n iye kan sábà máa ń wà tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ san kí tiwọn tó wọlé. Ká ní iye yẹn jẹ́ 50, tí àtúnṣe sì jẹ́ 60, 10 péré ni wọ́n máa san. Tí wọ́n bá wá torí ẹ̀ gba ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún ẹni tí kò béèrè owó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ lè pàdánù ju 10 yẹn lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Tí àtúnṣe bá jẹ́ 300, ọ̀rọ̀ yí padà, ẹ lọ béèrè. Ẹ bi wọ́n bí owó ọdún tó ń bọ̀ ṣe máa rí kí ẹ tó pinnu. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò ní gba kọ́bọ̀, ẹ sọ fún wọn pé ìjàǹbá wáyé, torí ọ̀pọ̀ àdéhùn ló sọ ọ́ di dandan, ẹnì kejì sì lè yí ohùn padà.

Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló jẹ̀bi, ẹ lè lọ bá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ tààrà, tàbí kí ẹ lo comprehensive tiyín, kí àwọn tiyín máa lé àwọn tirẹ̀ kiri. Tó bá jẹ́ èyí ẹ yàn, ẹ rán wọn létí pé kí wọ́n bá yín gba iye tí ẹ kọ́kọ́ san padà. Ọ̀nà tààrà ni mo gbà. Ó falẹ̀, nítorí wọn ò fẹ́ dáhùn àfi tí ọmọkùnrin náà bá kọ tẹnu rẹ̀, èmi ni mo sì ń pè é lórí fóònù kó lọ kọ ọ́. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá kéré. Wọ́n ti yọ owó kúrò torí pé àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ náà ti gbó. Mo ní kí wọ́n to gbogbo ohun tí wọ́n yọ sórí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti bọ́ńpà, mo gbà. Ti irin, mi ò gbà, mo fi iye tí mẹkáníìkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ sórí ìwé hàn wọ́n, wọ́n sì fi kún un. Mi ò pariwo rárá. Owó gbígbé ọkọ̀ àti owó tí mo fi wọkọ̀ kiri nígbà tí tèmi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì náà, mo ní rìsíìtì wọn lọ́wọ́.

Ìwé tí wọ́n máa ní kí ẹ fọwọ́ sí gbẹ̀yìn pé owó ti pé, ẹ kà á dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí pé ẹ tún ń padà wá. Ọrùn téèyàn gbọ̀n lójijì lè má dùn ún títí di ọjọ́ kejì, nítorí náà kò sí ìkánjú.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ parí ẹ̀ láàárín ara yín, ó yé mi, nígbà míì òun ló dáa jù fún nǹkan tí kò tó nǹkan. Kí ó jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú u wò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí owó sì gba báńkì kọjá. Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá gbà, ẹ ní kí mẹkáníìkì kó àwọn ẹ̀yà tó tú kúrò fún yín. Ilé-iṣẹ́ lè ní àwọn fẹ́ rí wọn. Ẹ dà wọ́n nù tí owó bá ti wọlé.