Láti Manchester dé Whitehead: bí a ṣe ń wá àwòrán ẹ́ńjìnnì rélùwéè Ireland

Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀dà kékeré ẹ́ńjìnnì rélùwéè Ireland tó ń fi oru omi rìn, tó wá forí lé Dublin tààrà láti wá àwòrán, lè padà lọ́wọ́ òfo. Àwòrán sábà máa ń wà lọ́dọ̀ ẹni tó rọ ẹ́ńjìnnì ju ibi tó ti ṣiṣẹ́ lọ. Orúkọ ẹni tó rọ ọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà wa fi gba Manchester. Ẹ́ńjìnnì Slieve Gullion, nọ́ńbà 171 ti rélùwéè Great Northern ní Ireland (1913), àti Merlin, nọ́ńbà 85 (1932), ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Beyer Peacock ní Manchester ni méjèèjì ti jáde. Àwọn yìí náà ló ṣe ẹ́ńjìnnì Garratt fún rélùwéè Nàìjíríà. Science and Industry Museum ní Manchester ló ń tọ́jú ìwé wọn. Ẹ kọ̀wé síwájú, kẹ́ ẹ dárúkọ ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọdún tó jáde. Bẹ́ ẹ bá kàn ní “ẹ́ńjìnnì Ireland”, wọn ò ní mọ èyí tí wọ́n máa gbé jáde.

Neilson Reid ló rọ nọ́ńbà 131 (1901), Sharp Stewart ló rọ 186 (1879). Ilé-iṣẹ́ méjèèjì wọnú ilé-iṣẹ́ North British ní 1903, nítorí náà Glasgow ni kẹ́ ẹ ti béèrè wọn. Irú ẹ́ńjìnnì Ireland tí wọ́n ń pè ní Woolwich ní tirẹ̀, àbúrò N class, irú ẹ́ńjìnnì kan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni. Àwòrán N class máa ń tó fún òkè ara rẹ̀. Férémù àti wíìlì ló yàtọ̀: àlàfo àárín irin méjèèjì ní Ireland fi íǹṣì 6½ fẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Dublin wá kàn. Ilé ìkàwé Irish Railway Record Society ní ibùdókọ̀ rélùwéè Heuston la máa ń lọ fún àwọn tí wọ́n rọ ní Inchicore, ibi iṣẹ́ rélùwéè ní Dublin. Ibí ni wàhálà J15, irú ẹ́ńjìnnì tí 184 àti 186 jẹ́, ti ń yọjú. 111 ni wọ́n ṣe, láti 1866 dé 1903, wọ́n sì ń tún wọn ṣe títí. Àwòrán 1866 kò lè bá ẹ́ńjìnnì 1955 mu. Ẹ mú ọdún kan àti nọ́ńbà kan kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan páálí. Ẹ wo 184 àti 186, ọmọ ìyá ni wọ́n, síbẹ̀ orí àpótí iná 184 rí rọ̀bọ̀tọ̀ bíi bọ́ílà rẹ̀, ti 186 jẹ́ Belpaire, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì nígun.

Ẹ má fi rúlà wọn ẹ̀dà tí wọ́n fún yín lásán o. Bébà máa ń sunkì, ẹ̀rọ ẹ̀dà náà máa ń fà á gùn lápá kan. Wíìlì ńlá Slieve Gullion jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 7. Bí wọ́n bá fi íǹṣì 1½ dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, wíìlì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 250.8 lórí bébà. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìbú, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n ní òró. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 250.8 tí èkejì jẹ́ 249, wíìlì ti di ẹyin nìyẹn, gbogbo ìwọ̀n apá ibẹ̀ sì ti fi nǹkan bí ìdá 0.7 nínú 100 dín. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí àwòrán ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Bí mílímítà 4 bá dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, wíìlì yẹn á di 26.33, àlàfo irin Ireland á sì di 21 géérégé. Irin ẹ̀dà kékeré tó kún ọjà, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mílímítà 16.5, kì í ṣe é dáadáa, ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì á há sábẹ́ rẹ̀.

Láti Heuston, Luas pupa, ọkọ̀ ojú irin ìgboro Dublin, gbé wa dé ibùdókọ̀ Connolly, ó di Belfast. Ọ̀nà Bangor ló lọ sí Cultra, níbi tí ẹ́ńjìnnì Maedhbh (1939) dúró sí nínú mùsíọ́mù, orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀ ní lẹ́tà Ireland àtijọ́. Ọ̀nà Larne ló lọ sí Whitehead, ilé 171 àti 186. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ mú téépù dání àti igi mítà kan tẹ́ ẹ kùn ní funfun àti dúdú. Ẹ gbé igi náà ti wíìlì, kẹ́ ẹ jìnnà sẹ́yìn bí àyè bá ṣe gbà yín, kẹ́ ẹ sì fi lẹ́ńsì tó ń fa ọ̀nà jíjìn wá sítòsí ya fọ́tò, kámẹ́rà kọjú sí àárín ẹ́ńjìnnì gan-an. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn jù, ohun tó jìnnà sí yín lára ẹ́ńjìnnì á kéré ju ohun tó sún mọ́ yín lọ, ìwọ̀n tẹ́ ẹ bá fà yọ níbẹ̀ kò ní wúlò.