Oúnjẹ Ni Oògùn Tí A Kọ́kọ́ Ń Kọ

Ìbéèrè tí òbí ọmọ tó ní anorexia, àìsàn tó ń mú ènìyàn fi ebi pa ara rẹ̀ torí ẹ̀rù sísanra, máa ń kọ́kọ́ bi àwa tí a ń tọ́jú rẹ̀ ni pé, "Kí ló fà á?" Ìyá á ní ṣé òun ló le jù ni, bàbá á ní fóònù ni, ìyá àgbà á pè láti Ìbàdàn pé kí wọ́n yẹ ilé wò dáadáa, pé iṣẹ́ ayé ni. Èsì wa kan náà ni: ẹ jẹ́ kó jẹun ná. Ọmọ tó ní anorexia, ebi ti gba ọpọlọ rẹ̀, ọpọlọ tí ebi sì gbà kì í gbọ́ àlàyé.

Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1944 sí 1945, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ancel Keys, dín oúnjẹ àwọn ọkùnrin 36 tí ara wọn le koko kù fún bí oṣù mẹ́fà. Kò sí aláìsàn kankan nínú wọn. Síbẹ̀ kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ń ka ìwé àdúrà. Wọ́n ń fa oúnjẹ àwo kan lọ títí, inú ń bí wọn láìnídìí, wọn ò sì fẹ́ rí ọ̀rẹ́ mọ́. Púpọ̀ nínú ìwà tó ń ba òbí lẹ́rù lára ọmọ wọn, ebi ló ń hù ú.

Ní gúúsù London, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí ní Peckham àti Camberwell, ni ilé ìwòsàn Maudsley wà. Ibẹ̀ ni ìwádìí kan ti jáde ní 1987 tó fi hàn pé bí àìsàn náà ò bá tíì pẹ́ lára ọmọ, kí a tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ dára ju kí a dá òun nìkan jókòó lọ. Ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní England, ti 2017 fara mọ́ ọn: ìpàdé 18 sí 20, láàárín ọdún kan. Ṣùgbọ́n ìpàdé wákàtí kan kọ́ ni ìtọ́jú. Tábìlì oúnjẹ ilé yín ni.

Níbẹ̀rẹ̀, òbí ló ń pinnu ohun tí ọmọ máa jẹ, ìwọ̀n rẹ̀, àti àkókò rẹ̀. Oúnjẹ mẹ́ta, ìpanu mẹ́ta, kí àárín wọn má ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ọmọ ò gbọdọ̀ wọ kíṣìnì nígbà tí wọ́n bá ń sè é, torí epo ni yóò máa ṣọ́. Àgbà kan á jókòó tì í: bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún oúnjẹ, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ìpanu. Lẹ́yìn náà, wákàtí kan láìlọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ ní òun nìkan. Tó bá ń sunkún, ẹ má bá a jiyàn kálórì, àìsàn yìí mọ ìṣirò jù yín lọ. "Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ṣíbí kan sí i." Ó tó. Tí kò bá jẹ ẹ́ tán, ohun mímu aṣaralóore tí ilé ìwòsàn ń kọ ni kó fi dípò èyí tó kù. Ọjọ́ tí ẹ bá dín ìwọ̀n rẹ̀ kù kí ilé lè tòrò, àìsàn ti mọ ibi tí ọwọ́ yín ti rọ̀. Nílé, a máa ń retí kí ọmọ fi ìdajì kílò wúwo sí i lọ́sẹ̀.

Ètò oúnjẹ tí ilé ìwòsàn ń tẹ̀ máa ń kún fún búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Ìyá á mú un lọ sílé, á wá máa se oúnjẹ méjì. Kò pọn dandan. Ẹ kọ ohun tí ilé yín ń jẹ wá, kí onímọ̀ oúnjẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ̀kọ mímu nìkan ò tó, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi mílíìkì ọlọ́ràá àti ṣúgà sí i, kí àkàrà tẹ̀ lé e. Ikùn tó ti pẹ́ tí kò rí oúnjẹ kì í tètè gbé e kọjá, nítorí náà, tí ọmọ bá ní òun ti yó lẹ́yìn ṣíbí márùn-ún, irọ́ kọ́. Ẹ gbé éba kékeré fún un, kí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pọ̀ lórí rẹ̀, ẹ má sì da epo tó léfòó nù. Gbólóhùn "mi ò fẹ́ oúnjẹ Nàìjíríà mọ́," tó bá bẹ̀rẹ̀ nígbà kan náà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rù, àìsàn ló ń sọ ọ́.

Ọmọ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan fún ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀. Ẹ má dédé fún un ní oúnjẹ púpọ̀ nílé. Bí oúnjẹ bá wọlé, insulin, èròjà tí ara ń tú jáde bí a bá jẹun, á ti phosphate, iyọ̀ ara tí iṣan fi ń ṣiṣẹ́, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ọkàn àti èémí sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kó wà: àyẹ̀wò phosphate, potassium àti magnesium lójoojúmọ́, fítámìnì B1, kí oúnjẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Àṣejù ìṣọ́ra náà wà o. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ tó kéré débi pé ọmọ ń rù sí i lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìlànà MEED, tí àwọn dókítà ọpọlọ ní UK gbé jáde ní 2022, ní kí ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi kálórì 1,400 sí 2,000 lóòjọ́.

Ìlù ọkàn tí kò tó 40 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ọmọ lajú, ara tó tutù ju 35.5°C lọ, tàbí dídákú nígbà tó bá dìde: ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má jẹ́ kí èsì ẹ̀jẹ̀ tó dára fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ó lè dára títí di ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́. Òṣùwọ̀n náà máa ń parọ́. Ọmọ á mu omi lítà kan tàbí méjì, á di owó ẹyọ sínú kọ́mú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ̀n ọ́n nínú aṣọ ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀. Ìtọ̀ tí ìwúwo rẹ̀, tí a bá fi wé ti omi lásán, kò tó 1.010 ń sọ pé omi ti pọ̀ jù.

Ọmọ tó sanra tẹ́lẹ̀ ni a máa ń pẹ́ rí jù. Tó bá jò kíákíá, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á máa yìn ín, àwa náà á rí i lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró. Bí ó ṣe ń jò ni kí ẹ wò, kì í ṣe bó ṣe rí lónìí.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn àǹtí kí wọ́n tó dé. "O ti sanra, o ti ń dán!" oríyìn ni lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ọmọ náà lè ṣe ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun nítorí rẹ̀. "Ara rẹ ti yá" náà ò dára. Ẹ bi í léèrè eré bọ́ọ̀lù, ìwé, irun. Ààwẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tó ń rù tó tún fẹ́ gbààwẹ̀ ju pásítọ̀ lọ, àìsàn ló fi ààwẹ̀ bojú. Ẹ pe pásítọ̀ kó sọ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀ pé kó máa jẹun. Al-Kùránì, nínú súrà kejì, ti gba aláìsàn láyè.

Dídá àkóso padà fún ọmọ, díẹ̀díẹ̀ ni: ìpanu kan ní ilé ìwé, olùkọ́ kan ń wò ó láti òkèèrè. Òbí máa ń yára jù níbí torí ó ti rẹ̀ wọ́n. Ọmọ ń ga, ìwọ̀n tó tó fún un ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn kò tó mọ́. Tí òṣùwọ̀n bá lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì tẹ̀ léra, ìpanu ilé ìwé yẹn á padà sílé, lójú òbí, títí òṣùwọ̀n yóò fi dúró.