Sáà Kìíní Saturday Night Live: Bí Eré Kéékèèké Ṣe Gba Ilé

Ètò àkọ́kọ́ Saturday Night Live, eré apanilẹ́rìn-ín ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC ní Amẹ́ríkà gbé jáde láti New York lálẹ́ ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá, ọdún 1975, ni mò ń rò lónìí. Ẹni tó bá wò ó láìmọ ohun tó tẹ̀lé e lè má mọ̀ pé eré apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀. George Carlin, aláwàdà tí wọ́n pè gẹ́gẹ́ bí àlejò láti darí ètò, kò kópa nínú eré kankan. Ńṣe ló ń jáde wá sọ àwàdà tirẹ̀, táá tún wọlé lọ. Billy Preston àti Janis Ian kọrin. Jim Henson gbé àwọn ọmọláńgidi rẹ̀ wá, Albert Brooks ní fíìmù kékeré tirẹ̀. Andy Kaufman dúró ti gírámafóònù, ó dákẹ́ fẹ́ẹ́, àfi bí gbólóhùn kan báyìí bá kàn nínú orin ni yóò gbọ́wọ́ sókè, táá la ẹnu bí ẹni pé òun ló ń kọ ọ́. Àwọn òṣèré méje tí a wá mọ̀ mọ sáà yẹn, John Belushi, Gilda Radner, Dan Aykroyd, Chevy Chase, Jane Curtin, Garrett Morris àti Laraine Newman, ń wá ààyè láàárín gbogbo ìyẹn bí ẹni ń wá ìjókòó nínú dáńfó. Lọ́sẹ̀ kejì, Paul Simon darí ètò, orin gba gbogbo ilẹ̀, àwọn òṣèré kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yọjú.

Síbẹ̀, eré tó ṣí ètò àkọ́kọ́ yẹn ti fi ọ̀nà hàn. Kò sí ìkéde, kò sí orin àkọ́sọ. Àjèjì kan jókòó síwájú olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí olùkọ́ bá sọ ló ń sọ tẹ̀lé e. Olùkọ́ di àyà mú, ó ṣubú. Akẹ́kọ̀ọ́ náà wò ó, ó ronú díẹ̀, òun náà di àyà mú, ó ṣubú. Chase wá wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lórí bí òṣìṣẹ́ sítúdíò, ó sì kígbe pé “Live from New York, it's Saturday Night!” Gbólóhùn yẹn kò yí padà títí dòní. Orúkọ ètò ló yí padà: ABC, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn, ló ń lo “Saturday Night Live” fún ètò tiwọn nígbà náà, NBC kò sì rí i gbà àfi ní ọdún 1977.

Nígbà tí Candice Bergen fi darí ètò ní ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, eré ti bọ́ síwájú. Chase ń ṣe Gerald Ford, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, láìkun ojú, láìfi ohùn jọ ọ́. Ford ti yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfuurufú ní Salzburg lóṣù Kẹfà ọdún náà, ìṣubú yẹn nìkan ni Chase mú. Ìwà kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ti rí tó. Bí o bá kó mẹ́ta mọ́ ọn, òǹwòran á máa kà á dípò kó rẹ́rìn-ín.

Alẹ́ tí Richard Pryor, aláwàdà aláwọ̀ dúdú, darí ètò, ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ni mo kà sí òpómúléró sáà náà. Alẹ́ ọ̀hún ni Belushi kọ́kọ́ ṣe samurai rẹ̀, ìyẹn jagunjagun ilẹ̀ Japan àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo eré ìwáṣẹ́ tí Pryor àti Chase ṣe. Ẹni méjì jókòó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Chase tó jẹ́ agbanisíṣẹ́ ń pe ọ̀rọ̀, Pryor tó ń wáṣẹ́ ń fi ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn dáhùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò léwu, lẹ́yìn náà èébú tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo ju tìṣáájú lọ, ojú Pryor sì ń yí padà. Bí èyí tó wúwo jù bá kọ́kọ́ jáde, eré parí níbẹ̀. Wọ́n tún mọ ibi tí wọ́n á fàbọ̀ sí: ẹ̀rù ba agbanisíṣẹ́ débi pé ó ń fi owó kún owó, títí ó fi fún ọkùnrin náà ní $15,000 lọ́dún, kó wá di agbálẹ̀ tó ń gbowó jù ní Amẹ́ríkà.

Irú òpin yìí ni ọ̀pọ̀ eré ètò náà kò ní, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń kọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní Ọjọ́rú, wọ́n á ka nǹkan bí ogójì eré yíká tábìlì, wọ́n á ṣa díẹ̀. Ní Sátidé, wọ́n á ṣe ìdánrawò lójú òǹwòran, wọ́n á tún gé nínú rẹ̀ kí aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ tó lù. Ẹni tó ń sáré báyìí máa ń ní àbá tó dára, kì í ní àsìkò láti wá ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí. Nígbà náà, pàtẹ́wọ́ àti ìpolówó ọjà ni yóò bá a ti ilẹ̀kùn.

Nítorí ìyípadà wọ̀nyí náà ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ sára páálí ńláńlá tí ènìyàn ń gbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, àwọ̀ yíǹkì sì ń fi ọ̀rọ̀ òṣèré kan hàn yàtọ̀ sí ti èkejì. Ìyọnu rẹ̀ wà nínú ojú. Òṣèré tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa wo páálí, kò ní wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, àwàdà á sì bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹ wo Radner dáadáa: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnìkejì rẹ̀ ló ń wò ní gbogbo ìgbà.

Nígbà tí sáà náà fi parí pẹ̀lú Kris Kristofferson ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 1976, ètò 24 ni wọ́n ti ṣe. Láìpẹ́, Henson kó ọmọláńgidi rẹ̀ lọ sí ètò tirẹ̀. Àwọn òṣèré ló jogún ìṣẹ́jú tó fi sílẹ̀.