Àyẹ̀wò ọdún: òpó kejì tí kò kún

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé lọ́dọọdún ni mo máa ń to iṣẹ́ mi lẹ́sẹẹsẹ. Ti ọdún yìí kò ṣe é tò. Ọgọ́rùn-ún lẹ́tà àtijọ́ tí èmi àti Ẹ̀gbọ́n jọ ń kà ló gbé e mì. Bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí mo fi oṣù karùn-ún ṣe, irọ́ ni n ó pa.

Ẹ rántí àríyànjiyàn wa. Àwa onímọ̀ ìtàn àti lítíréṣọ̀ tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ a máa ka ìran wa látorí Roberto Busa, àlùfáà tó tọ ilé-iṣẹ́ IBM lọ ní 1949 nítorí àtòpọ̀ ọ̀rọ̀ inú ìwé Thomas Aquinas. Ẹ̀gbọ́n, onímọ̀ àwùjọ, a máa ní baba kan ṣoṣo kọ́ ló bí wa: ta ló kọ́ wa láti fi ìlà so ẹni tó kọ lẹ́tà mọ́ ẹni tó gbà á, bí kò ṣe irú Jacob Moreno tó ń ya àwòrán àjọṣe ènìyàn ní 1934? Èmi a sì máa rẹ́rìn-ín.

Kí kọ̀ǹpútà tó kọ́ ohunkóhun, olúkúlùkù wa gbọ́dọ̀ dá pinnu bóyá ẹ̀bẹ̀ ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tàbí kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Mo pe 80 ní ẹ̀bẹ̀, àwọn náà pe 80, ìpinnu wa sì bára mu lórí 80 nínú 100. Mo ti fẹ́ẹ̀ máa jó kí wọ́n tó ní kí n jókòó. Ẹni méjì tó bá ń pe 80 ní ẹ̀bẹ̀ láìtilẹ̀ ka lẹ́tà kankan yóò ṣe kòńgẹ́ ara wọn lórí nǹkan bí 68. Wọ́n bá gbé kappa jáde, òṣùwọ̀n bí ìpinnu ẹni méjì ṣe bára mu ju kòńgẹ́ lọ, èyí tí Jacob Cohen, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn, gbé kalẹ̀ ní 1960: ẹ fi 32 tó ṣẹ́kù kí 68 tó di 100 pín 12 tí a fi ju kòńgẹ́ lọ. Ó jẹ́ 0.375. Èdè-àìyedè wa ni mo fẹ́ fi kọ́ ẹ̀rọ.

Ẹni tó kọ ọ́ pé “ẹ jọ̀wọ́, ẹ san owó mi”, ṣé ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí “ẹ jọ̀wọ́”. Ẹ̀gbọ́n ní, “Wo ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó wo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.” Gbólóhùn yìí nìkan ni a fi tún òfin tí a fi ń pinnu kọ.

A tún bẹ̀rẹ̀. Òpó tí mo ń kọ ìpinnu tèmi sí kún dé 100. Tiwọn dúró lórí lẹ́tà 62. Ẹ ti bá mi kẹ́dùn ikú wọn, mo sì dúpẹ́ gidigidi. Àwọn lẹ́tà tó gùn jù ló wà lẹ́yìn 62, nítorí náà mo fura pé ọgbọ́n ni wọ́n fi yẹra. Ní oṣù kọkànlá, mo tún gbogbo rẹ̀ kà láti fi ara mi wọn ara mi. Èmi àti èmi kò gbà lórí mẹ́sàn-án.

Akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan ti ní òun yóò kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kappa bá sunwọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó gbọ́. Bí kò bá sunwọ̀n, ẹ má bi mí. Mo ti fi lẹ́tà àti òfin ránṣẹ́ sí i. Òpó kẹta ni mo ṣí fún un.