Ariwo Náà Ṣì Wà, Ẹ Bá Mi Dúpẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ọpẹ́ ni mo wá dú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́: bí mo ṣe dúró yìí, etí òsì mi ṣì ń hó. "Yìììì" ni, kò dákẹ́ rí láti ọdún mẹ́ta.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn eré, etí á di bí ẹni ki òwú bọ̀ ọ́. Tó bá di àárọ̀, á là. A tilẹ̀ máa ń fi ṣe fáàrí: bí etí kò bá hó, eré ọ̀hún kò dùn nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, sípíkà tó kọjú sí wa lórí ìtàgé ṣàdédé han gooro lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ta orin náà parí. Ilẹ̀ mọ́, etí òsì kò là. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò là.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Mò ń gbọ́ dò-rè-mí rẹ̀ ketekete, àmọ́ s, f àti ṣ ti sá lọ. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ bá mi sọ aṣọ yìí nù." Èmi gbọ́ "fọ aṣọ", mo ti gbé e lọ. Mo fọ àkísà, mo sá a, mo tún ń retí kí ó kí mi. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá wo ojú mi, ó dákẹ́. Alẹ́ ńkọ́? Bí gbogbo ilé bá ti pa rọ́rọ́, ìgbà yẹn gan-an ni "yìììì" máa ń gbilẹ̀. Oorun dá lójú mi. Mo gbé gìtá sójú títà.

Dókítà etí mú mi wọ yàrá kékeré kan tí ariwo kì í wọ̀. Nígbà tó yá, ó fi ìlà kan hàn mí lórí ìwé, èyí tó ń sọ bí etí mi ṣe ń gbọ́ràn sí: ó ń lọ geere, ó já sí kòtò ní 4,000 Hz, níbi tí ohùn tínrín wà, ó tún gbérí díẹ̀. Ó ní àmì ariwo ni kòtò yẹn. Inú etí lọ́hùn-ún, níbi tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ẹ̀yà wẹ́wẹ́ onírun bí 15,000 ló wà níbẹ̀. Èyí tó bá kú, kò tún hù mọ́. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó: ariwo 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ni ààlà rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fi 3 lé, àkókò yẹn á dín sí ìdajì. Mo ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Eré tiwa ń kọjá 100, wákàtí méjì la sì fi ń ṣe é. Mo bú sẹ́kún níwájú ọmọ tí mo lè bí.

Oògùn tó fún mi dá díẹ̀ padà. Ìyókù, ó ní kí n kọ́ bí mo ṣe máa bá a gbé.

Mo wá ń ka ìtàn àwọn ọ̀gá wa. Pete Townshend, onígìtá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì The Who, tí wọ́n wọn ariwo eré wọn ní 126 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1976, òun náà ní etí òun ti bàjẹ́; ẹ̀rọ tó ń dé mọ́ etí ní sítúdíò ló tilẹ̀ di púpọ̀ nínú ẹ̀bi náà rù. Brian Johnson, akọrin ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì AC/DC, já ìrìn-àjò eré sílẹ̀ lọ́dún 2016 nígbà tí dókítà kìlọ̀ pé ó lè di adití pátápátá. Ó padà wá kọrin nínú àwo wọn ti 2020. Ìyẹn ni mo dì mú. Mo gbé gìtá kúrò lójú títà.

Mo lọ ṣe èdídí etí, èyí tí wọ́n wọn mọ ihò etí mi. Ti fóòmù máa ń gé ohùn tínrín kúrò, orin á wá dà bí ẹni ń kọrin nínú àgbá. Tèmi ń bu 15 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kúrò lára gbogbo rẹ̀ bákan náà. Onílù wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù méjì, ó ní mo ti di bàbá arúgbó. Lóṣù kẹta ó fà mí sí kọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti ṣe é?"

Ẹ̀rí mi gan-an rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wẹ̀, mo mu tíì tán, mo ti fẹ́ jáde, kí n tó rántí pé mi ò tíì ronú kan ariwo yẹn láti ìgbà tí mo ti jí. Mo dẹtí. Ó wà níbẹ̀, ó ń hó. Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Ẹ bá mi ṣe hàlẹ́lúyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀.