Ọjọ́ kan ààbọ̀ ní Íńdíà: ìlú wo ni kí n yà sí?

Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́ kọjá díẹ̀. Àwọn ọmọ ti sùn, bàbá wọn ń wo bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀, èmi sì ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì lónìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wò ó lọ, wò ó bọ̀, tí gbogbo ilé ń dárúkọ ìlú Íńdíà bí ẹni pé ibẹ̀ la fẹ́ kó lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Melbourne bímọ, mo sì ti ṣèlérí pé n ó wá bá a pọn ọmọ ní oṣù Kejì. Láti London dé Ọsirélíà, ẹni tó bá ti jókòó fún un rí ló mọ ohun tí ìdí ń rí. Ẹni tó ń bá mi wá tíkẹ́ẹ̀tì ní èyí tó gba Íńdíà kọjá ló dínwó jù, pé bí mo bá sì fẹ́, mo lè sọ̀kalẹ̀ ní Delhi tàbí ní Mumbai kí n wòlú díẹ̀, láìfi kọ́bọ̀ kún un. N ó gúnlẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, n ó sì tún gbéra lọ́sàn-án Sátidé. Òru méjì, ọjọ́ kan gbáko, àti àárọ̀ kan tí mi ò ní lè jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú.

Mi ò tíì fẹsẹ̀ tẹ Íńdíà rí, àmọ́ ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ̀ pé Íńdíà ti wọlé wa tipẹ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, fíìmù wọn la máa ń wò lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú nílé aládùúgbò wa tó ní fídíò. A ò gbọ́ Híńdì, síbẹ̀ a máa ń kọ orin wọn láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ ara rẹ̀ di Amitabh Bachchan, òṣèré wọn. Bí òjò bá ti ṣú, á sá sábẹ́ igi máńgòrò, á máa retí ẹni tí yóò bá òun jó.

Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru, ọmọ Kerala ní gúúsù Íńdíà ni. Mo kàn dárúkọ Íńdíà ni, ó gbé síbí sílẹ̀. "Sístà, ẹ gbàgbé Delhi. Kochi ni kí ẹ lọ." Ó sọ nípa àwọ̀n ńlá tí wọ́n ń pè ní àwọ̀n ará Ṣáínà, tí wọ́n gbé kọ́ sórí igi létí omi, tó jẹ́ pé òkúta tí wọ́n so rọ̀ lẹ́yìn ló ń bá àwọn apẹja gbé e sókè. Ó sọ nípa ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sin Vasco da Gama sí ní 1524, kí wọ́n tó wá kó egungun rẹ̀ lọ sí Potogí. Ó sọ nípa ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè, ibẹ̀ ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi. Àmọ́ Kochi ò sí nínú tíkẹ́ẹ̀tì mi. Láti Delhi, bíi wákàtí mẹ́ta ni bàálù ń lò, àlọ nìkan nìyẹn. Bí mo bá lọ tí mo bọ̀, kí ló kù? Mo ṣàlàyé fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ méjì nígbà mìíràn nígbà náà, pé kò sí bí òun ṣe fẹ́ kí n wo ìlú òun bí ẹni tó yọjú lójú fèrèsé.

Ọkọ mi ní Mumbai. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ẹ ò ní béèrè ìdí rẹ̀. Òkun wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, àwọn eléré wà níbẹ̀, erékùṣù méje ni ìlú náà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi iyẹ̀pẹ̀ dí omi láàárín wọn tí wọ́n fi di ọ̀kan. Ó ń ka ohun tí n ó rí sí mi létí. Ẹnu ọ̀nà olókùúta tí wọ́n ń pè ní Gateway of India, tí wọ́n tìtorí ọba Gẹ̀ẹ́sì tó wá ní 1911 kọ́, tó sì jẹ́ pé 1924 ni wọ́n tó ṣí i. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbéni lọ sí erékùṣù Elephanta láti wo ihò inú àpáta tí wọ́n gbẹ́ ère òrìṣà Shiva sí, bíi wákàtí kan lórí omi. Mo ní bó bá jẹ́ Èkó ni mo fẹ́ rí, mo mọ ọ̀nà Èkó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rù omi ló ń bà mí. Ẹ̀rù súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ń bà mí ní tèmi. Lókè ìlú ni pápákọ̀ wọn wà, ìsàlẹ̀ pátápátá létí òkun sì ni gbogbo ohun tó ń kà yẹn wà. Ẹni tó ní ọjọ́ kan péré, ṣé inú takisí ló yẹ kó ti lò ó?

Ó wá ku Delhi. Kí n sòótọ́, Delhi gan-an kọ́ ni mo fẹ́, Agra ni. Ibẹ̀ ni Taj Mahal wà. Àwòrán rẹ̀ ni gbogbo ayé ń yà, èmi náà fẹ́ yà á. Ọkọ̀ ojú irin tó yá jù láti Delhi lè gbéni débẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ọba Shah Jahan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Taj náà ní 1632 láti fi ṣe ibojì ìyàwó rẹ̀, Mumtaz Mahal, tó kú lọ́dún tó ṣáájú nígbà tó ń bí ọmọ wọn kẹrìnlá. Yàrá ìgbẹ̀bí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Àwọn tó kù a máa sọ̀rọ̀ ìfẹ́ bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀ yẹn, èmi, ẹ̀jẹ̀ ni ọkàn mi ń lọ sí. Ọmọ kẹrìnlá! Síbẹ̀, mo ti ra aṣọ funfun tí n ó fi ya fọ́tò.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo jókòó láti ra tíkẹ́ẹ̀tì àtiwọlé. Mo ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n máa ń ti Taj Mahal pa ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, àfi àwọn tó ń lọ kírun ní mọ́sáláṣí inú ọgbà náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní gbáko sì rèé, Ẹtì ni. Ẹtì tì í lóòótọ́! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi lé sí mi lójú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo pe ẹni tó ń bá mi wá tíkẹ́ẹ̀tì, mo ní ṣé a lè sún un síwájú. Iye tó pè ló jẹ́ kí n yára kí i pé ó dàbọ̀.

Bí inú mi ṣe rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nípa Delhi fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ibojì Humayun. Ọba yìí já bọ́ lórí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé rẹ̀ ní 1556, ó kú. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́ ibojì náà fún un, wọ́n sì parí rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ Taj Mahal. Ọgbà yí i ká, òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, ibẹ̀ sì ni àwọn tó kọ́ Taj ti wòye. Obìnrin ló kọ́kọ́ kọ́ tiẹ̀ fún ọkọ o! Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ka èyí sí bàbá Tọ́míwá létí, ó ní kí n jẹ́ kí òun wo bọ́ọ̀lù.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn gan-an wà ní gúúsù ìlú náà, ní ọgbà tí ilé gogoro Qutb Minar wà. Ilé gogoro náà ga tó mítà 73, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í gùn ún mọ́ láti 1981, tí iná kú lórí àtẹ̀gùn tí àwọn ènìyàn tẹ ara wọn pa. Kì í ṣe òun ni mo ń sọ. Òpó irin kan wà nínú àgbàlá mọ́sáláṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ga ju mítà 7 lọ, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 6 lọ. Ó ti lé ní 1,600 ọdún tí wọ́n ti rọ ọ́, láyé ọba Chandragupta Kejì, ibòmíràn ni wọ́n sì ti gbé e wá síbẹ̀. Gbangba ló wà, òjò Íńdíà ń pa á lọ́dọọdún, kò dípẹtà. Wọn ò yọ́ irin náà kí wọ́n dà á sínú àwo kankan. Ìṣù irin gbígbóná ni wọ́n ń lù mọ́ ara wọn títí ó fi di òpó. Àwọn onímọ̀ ní èròjà phosphorus inú irin náà ló fa awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó lára tí ìpẹtà ò fi ráyè.

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá bàbá mi. Mo fẹ ẹwìrì lábẹ́ àgbẹ̀dẹ rẹ̀ nígbà ọlidé, títí èéfín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Bí wọ́n bá gbé ọkọ́ tó ti dípẹtà wá bá a, á fi èékánná ha á, á gbọ́ òórùn rẹ̀, kó tó sọ iye tó máa gbà. Irin tí kì í dípẹtà? Ìbá ti dìde lọ síbẹ̀ fẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Delhi ni. Láàárọ̀ Ẹtì, òpó irin. Lọ́sàn-án, Humayun. Mọ́sáláṣí Jama tó wà ní Delhi náà tobi, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n Jímọ̀ ni ọjọ́ náà, mi ò ní lọ máa da àwọn olùkírun láàmú. Àárọ̀ Sátidé, n ó sùn.

Ìyá mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ nírọ̀lẹ́ yìí. Wọ́n ní ṣé mo ti fa káàdì yẹ́lò mi yọ. Mo ní láti London ni mo ti ń lọ, pé ẹni tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ ni wọ́n ń bi. "Mú un dání, kì í wúwo." Mo wá sọ̀rọ̀ òpó irin fún wọn.

"Ta ló rọ ọ́?"

"Orúkọ ọba ló wà lára rẹ̀, Mà. Wọn ò kọ ti alágbẹ̀dẹ."

"Hùn. O lè fọwọ́ kàn án?"

Mo ní wọ́n ti ṣe ọgbà yí i ká láti 1997, torí àwọn ènìyàn a máa fẹ̀yìn tì í, wọn a sì máa fi apá gbá a mọ́ láti ẹ̀yìn, pé bí ọwọ́ méjèèjì bá pàdé, oríire dé.

"Kí i fún mi láti òkèèrè, tó o bá ti débẹ̀. Kó o sì pè mí lórí fídíò kí n rí i."

Mo ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lọ́hùn-ún, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Mo ti jí fún àdúrà nígbà yẹn. Pè mí."